Ilé Ìkàwé nínú Fídíò Ìgbà Kòrónà: Àgbéyẹ̀wò láti Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni àjọ WAEC kọ́kọ́ dá fún ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, gbọ̀ngàn ìdánwò ṣófo. Láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ni wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì ti kéde lọ́jọ́ 29 pé kí Èkó, Ògùn àti Àbújá wọ kónílé-ó-gbélé láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì. Láti Èbúté Ìkòròdú títí dé etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ọmọ tó ń múra ìdánwò kò mọ ọjọ́ tí yóò ṣe é mọ́. Ibi tí ó ti ń rí jókòó kàwé, yálà kíláàsì lẹ́yìn ilé ìwé ni o, yálà ilé ìkàwé ni, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan náà ni ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé gba orí fídíò. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà gbé fóònù ka orí tábìlì nínú ilé rẹ̀, ó ń ka ìtàn fún ọmọdé tí kò rí. Òmíràn ń kọ́ni bí a ti ń yá ìwé lórí ẹ̀rọ. Òmíràn ń fi bí wọ́n ṣe ń ya ìwé tí èèyàn dá padà sọ́tọ̀ hàn. Nílẹ̀ wa níbí, àwọn onímọ̀ ilé ìkàwé pé jọ sórí Zoom, wọ́n sì gbé àkásílẹ̀ ìpàdé wọn sórí YouTube fún ẹni tí kò ráyè dé ibẹ̀. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí ni wọ́n ní ilé ìkàwé jẹ́? Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn, ojú ọmọ Ìkòròdú tí ìdánwò ń bọ̀ wá bá ni mo sì fẹ́ fi wò ó. Èrò tèmi ni pé ìwé ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa. Ìwé ṣeé fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Yàrá tí a ti ń kà á kò ṣeé fi ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, yàrá yẹn ni àwa ń lò jù lára ilé ìkàwé.

Fídíò ìtàn kíkà ló gbajúmọ̀ jù. Dolly Parton, akọrin Amẹ́ríkà tí ètò rẹ̀ tó ń jẹ́ Imagination Library ti ń fi ìwé ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sílé àwọn ọmọdé láti ọdún 1995, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn alẹ́ lórí YouTube lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹrin 2020. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbáko ló fi ṣe é. Àwọn ilé ìkàwé ìlú kéékèèké ń ṣe irú rẹ̀ láìlókìkí. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kò fura sí ni pé ẹ̀tọ́ oníǹkan wà lórí ìwé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sókè fún gbogbo ayé láìgbàṣẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ atẹ̀wétà bíi Penguin Random House àti Scholastic ló yọ̀ǹda fún ìgbà díẹ̀ nítorí àjàkálẹ̀ àrùn. Nígbà tí àsìkò ìyọ̀ǹda pé, wọ́n ní kí àwọn tó kà á yọ fídíò wọn kúrò. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń wá púpọ̀ nínú wọn lónìí kò fi ní bá nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ibí yìí ni ọkàn mi ti máa ń bàjẹ́ díẹ̀ bí mo bá rántí ọdún náà. Ta ni yóò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìyá àgbà kan ní Ẹ̀pẹ́ tó fẹ́ pa àlọ́ Ìjàpá fún ọmọ ọmọ rẹ̀ níwájú fóònù? Àlọ́ wa kò ní atẹ̀wétà tí yóò ní kí a yọ ọ́ kúrò. Tẹlifíṣọ̀n NTA ti ṣe irú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1980 pẹ̀lú ètò Tales by Moonlight, gbogbo wa sì rí bó ṣe mú ọmọdé jókòó. Nínú gbogbo oríṣi fídíò ilé ìkàwé tí àrùn yẹn bí, èyí ló rọrùn jù fún ilé ìkàwé ìjọba ìbílẹ̀ láti ṣe: ọ̀sán kan, fóònù kan, àgbàlagbà kan tó gbédè. Ì bá ti di àkójọ tí a ó máa lò títí di òní.

Èyí tó fa àríyànjiyàn jù ni ti Internet Archive, ilé ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó fìdí kalẹ̀ sí San Francisco. Tẹ́lẹ̀, iye ẹ̀dà ìwé tí wọ́n bá ní nípamọ́ ni iye èèyàn tó lè yá a lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kù yóò tò dúró. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹta 2020, wọ́n fòpin sí títò yẹn lórí ìwé bíi mílíọ̀nù 1.4, wọ́n sì pe ètò náà ní National Emergency Library. Lójú ẹsẹ̀, ẹni tó ní ímeèlì ní Ìmọ́tà lágbègbè Ìkòròdú lè yá ìwé tí ọmọ California náà ń yá. Fídíò kún YouTube: àwọn olùkọ́ ń dúpẹ́, àwọn òǹkọ̀wé ń bínú pé olè ni wọ́n ń ja àwọn. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹfà, àwọn atẹ̀wétà mẹ́rin gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́, nígbà tó sì di ọjọ́ 16 oṣù náà, wọ́n ti ti ètò ọ̀hún pa. Ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹta 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2024.

Mo wà lẹ́yìn òǹkọ̀wé nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ti wà lọ. Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn tó ń ṣe ayédèrú ìwé ń fojú òǹkọ̀wé Nàìjíríà rí kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ ẹni tó jókòó kọ ìwé. Síbẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì, mo rí i pé ohun kan wà tí àwọn méjèèjì jọ gbà láìsọ. Wọ́n gbà pé òǹkàwé ti jókòó síbì kan, pé iná wà, pé íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní tán. Bóyá ó yẹ kó rí ìwé gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń jà sí. Ìjà tí ọmọ Ìkòròdú ń jà kò tíì dé ibẹ̀.

Kí n tó sọ ìjà yẹn, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba fídíò ìyàsọ́tọ̀ ìwé. Ní oṣù Kẹrin 2020, àjọ OCLC àti àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ilé ìkàwé àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbé iṣẹ́ kan fún ilé ìwádìí Battelle, pé kí wọ́n wo iye ọjọ́ tí kòkòrò àrùn Kòrónà lè lò lára ìwé. Wọ́n sọ iṣẹ́ náà ní REALM. Èsì àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹfà: lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò rí kòkòrò náà mọ́ lára èèpo ìwé tàbí lójú ewé ìwé tí a pa dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n to ìwé léra, wọ́n ṣì rí i lọ́jọ́ kẹfà. Ni àwọn ilé ìkàwé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò: òṣìṣẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ó ń to ìwé sínú àpótí, ó ń kọ ọjọ́ sí i lára. Nígbà tó fi di oṣù Kẹrin 2021, àjọ CDC ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ pé ewu kí èèyàn kó àrùn náà nípa fífọwọ́ kan nǹkan kò tó ẹyọ kan nínú 10,000.

Àwọn fídíò wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé wa, wọ́n sì wúlò fún ẹni tó ń yáni ní ìwé lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ ilé ìkàwé gbogboògbò ní ìlú wa rí mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ gbé ìwé tiwọn wá ni: nóòtì kíláàsì, ìwé ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, ìwé ìṣirò tí ẹ̀gbọ́n ti lò. Ìwé orí pákó kò ṣí kúrò níbi tó wà. Ewu tó wà níbẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, níbi tí èèyàn ti jókòó súnmọ́ra fún wákàtí márùn-ún. Ó yẹ kí fídíò tiwa sọ̀rọ̀ fèrèsé tó ṣí gbayawu, kí ó sọ̀rọ̀ àga tó jìn síra, àti bóyá a lè gbé tábìlì sábẹ́ igi lóde. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń bẹ ní Ẹ̀pẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó bá ilé ìkàwé onílẹ̀kùn gíláàsì àti ẹ̀rọ amúlétutù mu ni wọ́n fi ń kọ́ wa.

Ní ti ìpàdé orí Zoom, iṣẹ́ rere ni àwọn onímọ̀ ilé ìkàwé ṣe. AfLIA, àjọ àwọn ilé ìkàwé Áfíríkà tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Accra, kó àwọn ará Nàìjíríà, Gánà, Kẹ́ńyà àti àwọn mìíràn jọ lórí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ wọn dá lórí bí òṣìṣẹ́ yóò ṣe ṣiṣẹ́ láti ilé, bí wọn yóò ṣe dáàbò bo ara wọn bí ilẹ̀kùn bá ṣí, àti pàápàá ìròyìn òfégè. Kókó ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ní oṣù Kẹta 2020 ni ilé ìwòsàn l'Ékòó ń gba àwọn tí oògùn klorokúìnì ti ṣe léṣe, nítorí wọ́n gbọ́ pé ó ń wo Kòrónà. Ẹni tó mọ bí a ti ń yẹ orísun ọ̀rọ̀ wò ló yẹ kó wà lójú fídíò nígbà yẹn, kó máa sọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara, ìṣẹ́jú méjì péré, kí ọlọ́jà lè fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp rẹ̀. Àwa gba ìpàdé gígùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí onímọ̀ ń bá onímọ̀ sọ. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Wọn kò pe òǹkàwé síbẹ̀ ni.

Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn nídìí lítíréṣọ̀ yára jù wọ́n lọ. Zukiswa Wanner, òǹkọ̀wé tó ń gbé ní Nairobi nígbà náà, dá Afrolit Sans Frontières sílẹ̀ lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹta 2020, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà ti ń ka iṣẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń dáhùn ìbéèrè lórí Facebook àti Instagram. Àjọ̀dún ìwé Aké tí Lọlá Ṣónẹ́yìn dá sílẹ̀ náà lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pátápátá ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Mo gbádùn wọn. Ṣùgbọ́n àjọ̀dún ni wọ́n. Ilé ìkàwé kò sí lẹ́nu wọn.

Wàyí o, Ìkòròdú. Ilé alágbàálé ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbé, tí yàrá kojú síra wọn. Yàrá kan, bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí ilé ìwé àti ọjà ṣí, ilé máa ń dá lọ́sàn-án. Kónílé-ó-gbélé kó gbogbo wọn padà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tẹlifíṣọ̀n ń ké, ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò ń dún lẹ́yìn fèrèsé, ọmọ ọwọ́ ń sunkún, ìyá ń sọ pé kí ẹni tó dì mọ́ fóònù lọ pọnmi. Níbo ni ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò físíìsì yóò jókòó sí? Iná ńkọ́? Ẹgbìn wà ní Ìjẹ̀dẹ́, ní Ìkòròdú níbẹ̀, ibùdó amúnáwá tó wà lára àwọn tó tóbi jù ní Nàìjíríà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,320. Àwọn tó ń gbé lábẹ́ wáyà rẹ̀ ń ra epo bẹntiróòlù kí wọ́n tó lè gba iná sí fóònù. Fídíò wákàtí kan sì ń jẹ dátà tí owó rẹ̀ lè ra gààrí fún ilé náà.

Ìlú tó kún fún ilé ẹ̀kọ́ ni mo ń sọ yìí o. Yunifásítì Caleb wà ní Ìmọ́tà. Ìkòròdú ni LASPOTECH wà, èyí tó di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022. Ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, wà níbẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ Michael Ọ̀tẹ́dọlá sì wà ní Nọ́fọ́rìjà kó tó di ara yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó. Ọmọ Ìkòròdú tó ń lọ sí UNILAG tún ní ìṣòro tirẹ̀: ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì aláìlọ́jọ́ ní oṣù Kẹta 2020 kan náà, wọn kò sì wọlé títí di ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá. Ilé ìkàwé ńlá UNILAG tó wà ní Akọ̀kà ti jìn sí i lọ́nà méjì. Gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń fọ̀rọ̀ ilé ìkàwé sẹ́nu ní ọ̀nà kan náà: wọn kò ní "mo fẹ́ lọ yá ìwé," wọ́n ní "mo fẹ́ lọ kàwé." Ìdí àga ni wọ́n ń lọ.

Àwọn kan ń wo èyí bí àbùkù, pé ilé ìkàwé wa ti di yàrá ìmúrasílẹ̀ ìdánwò lásán. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn onímọ̀ nínú ìpàdé fídíò náà pàápàá. N kò gbà. Nígbà tí UNESCO pe àwọn amòye jọ sí Ìbàdàn ní ọdún 1953 láti jíròrò bí ilé ìkàwé gbogboògbò yóò ṣe gbèrú ní Áfíríkà, ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ láìsanwó láti kọ́ ara rẹ̀. Ọmọ tó gbé nóòtì rẹ̀ wá jókòó sábẹ́ fáànù ìjọba ń kọ́ ara rẹ̀. Pé ìwé tó ń kà jẹ́ tirẹ̀ kò sọ yàrá náà di aláìwúlò.

Ìjọba Èkó gbìyànjú pẹ̀lú ẹ̀kọ́ orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Rédíò kì í jẹ dátà, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n olùkọ́ orí rédíò kò lè dá ariwo inú àgbàálé dúró.

Bí a bá ń sọ fídíò àti Ìkòròdú ní ọdún 2020, a kò lè fo Ikorodu Bois. Àwọn ọmọdékùnrin wọ̀nyí fi ohun èlò inú ilé ṣe àfarawé fíìmù ńlá, iṣẹ́ wọn lórí ìpolówó fíìmù Extraction sì dé etí àwọn arákùnrin Russo tó ṣe fíìmù náà. Netflix fi ẹ̀rọ ìyàwòrán àti irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn, nígbà tó sì di 2023, wọ́n wà níbi àfihàn àkọ́kọ́ Extraction 2. Mo mẹ́nu bà wọ́n nítorí pé wọ́n fi hàn pé Ìkòròdú kò ṣaláìní ẹni tó lè fi fóònù sọ ọ̀rọ̀ tí ayé yóò gbọ́. Ojú títì ìlú wọn, ògiri tí wọn kò rẹ́, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí a fi ń kó iyanrìn, gbogbo rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ wọn. Bí ẹnìkan nínú àwọn tó ń ṣàkóso ilé ìkàwé bá pe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, tó ní kí wọ́n ya ilé ìkàwé ìlú wọn, kí wọ́n fi àga tó wà àti èyí tó ti kán hàn, kí wọ́n sọ aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn àti ibi tí iná ti ń wá, a ó ní fídíò kan tó sọ òótọ́ nípa ilé ìkàwé wa. Yóò wúlò fún ọmọ tó ń wá ibi ìkàwé, yóò sì wúlò fún kánsẹ́lọ̀ tó ń pín owó.

Ní ti yàrá fúnra rẹ̀, Funmi Ilori, olùkọ́ tẹ́lẹ̀ rí, ti ń wa ọkọ̀ ilé ìkàwé kiri Èkó láti ọdún 2013, lẹ́yìn tó gba owó ìrànwọ́ YouWiN lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. iRead ni orúkọ ètò náà. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn nínú iṣẹ́ obìnrin yìí ni pé ọmọdé ń wọnú ọkọ̀ náà lọ jókòó. Yàrá ni ó ń wa kiri. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ lókè yìí, òun ló súnmọ́ àìní wa jù, ó sì ti wà nílẹ̀ ọdún méje kí àrùn náà tó dé.

Àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ títí di òní pé Kòrónà ti fi hàn pé fóònù ti gba ipò ilé ìkàwé. Kí wọ́n wo ohun tí ìjọba Èkó ṣe nígbà tí wọ́n rí àyè díẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ 2020 ni wọ́n ní kí àwọn tó wà ní kíláàsì àṣejáde (SS3) padà wá, kí kíláàsì yòókù ṣì dúró sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí WAEC bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 17. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti kọ́ ọmọ ní ohun tuntun, gbogbo olùkọ́ ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì náà fún wọn ni tábìlì kan fún ẹnì kan, fèrèsé tó ṣí, àti wákàtí díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní rán wọn níṣẹ́.